Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́: Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó pààrọ̀ ríìmù àti táyà ọkọ̀ asáré

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹta ọdún 2016, James Ocholi, tó jẹ́ mínísítà kejì fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Nàìjíríà nígbà náà, kú sínú ìjàmbá ọkọ̀ ní ojú ọ̀nà Kaduna sí Àbújá. Ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin bá ìjàmbá náà lọ. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, sọ pé táyà kan ló bẹ́ nígbà tí ọkọ̀ náà wà lórí eré.

Ọkọ̀ tí wọ́n wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà kì í ṣe ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún eré àsápajúdé. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kan gbogbo ẹni tó ń wa ọkọ̀, ó sì kan ẹni tó ni ọkọ̀ asáré jù. Bó ti wù kí ẹ́ńjìnnì lágbára tó, bó ti wù kí bíréèkì dára tó, ibi mẹ́rin péré ni ọkọ̀ ti fara kan ilẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Síbẹ̀, táyà àti ríìmù ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ máa ń fọwọ́ kàn tí wọ́n bá fẹ́ kí ọkọ̀ wọn rẹwà. Ní Apo ní Àbújá, ní Abossey Okai ní Accra, tàbí ní Suame Magazine ní Kumasi, ẹ máa rí ríìmù aláràbarà tí wọ́n gbé kọ́. Tí ẹ bá béèrè bóyá yóò bá ọkọ̀ yín mu, ìdáhùn tí ẹ máa gbọ́ ni pé, "Ọ̀gá, á wọ̀ ọ́."

Òótọ́ lè jẹ́. Ṣùgbọ́n kí ríìmù wọ ọkọ̀ yàtọ̀ sí kó bá ọkọ̀ mu.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, ọkọ̀ BMW M3 tí wọ́n ń pè ní E46 la máa fi ṣe àpẹẹrẹ. Ilé iṣẹ́ BMW ṣe é láàárín ọdún 2000 sí 2006, agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì jẹ́ 343 agbára ẹṣin fún èyí tí wọ́n tà ní Yúróòpù. Ìdí tí a fi mú un ni pé táyà iwájú rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹ̀yìn, ilé iṣẹ́ náà sì fún un ní oríṣi ìwọ̀n méjì, èyí tó jẹ́ kí ìṣirò rẹ̀ rọrùn láti yé èèyàn. Ìṣirò kan náà ni ẹ máa ṣe tó bá jẹ́ Mercedes, Subaru tàbí Honda lẹ ní.

Kí ni nọ́ńbà tó wà lára táyà ń sọ?

Táyà iwájú M3 yìí tó bá ríìmù rẹ̀ dé láti ilé iṣẹ́ jẹ́ 225/45 ZR18. Ti ẹ̀yìn jẹ́ 255/40 ZR18.

Nọ́ńbà àkọ́kọ́, 225, ni fífẹ̀ táyà láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì ní mìlímítà.

Nọ́ńbà kejì, 45, kì í ṣe mìlímítà. Ó ń sọ pé gíga ẹ̀gbẹ́ táyà, láti etí ríìmù dé ibi tó kan ilẹ̀, jẹ́ ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ rẹ̀. Ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún 225 jẹ́ mìlímítà 101.25.

Nọ́ńbà tó kẹ́yìn, 18, ni ìwọ̀n ríìmù ní íńṣì. Íńṣì kan jẹ́ mìlímítà 25.4, nítorí náà ríìmù 18 jẹ́ mìlímítà 457.2.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ gíga gbogbo táyà láti ilẹ̀ dé òkè, ẹ sọ gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ di ìlọ́po méjì, nítorí ó wà nísàlẹ̀, ó tún wà lókè. Kí ẹ wá fi ìwọ̀n ríìmù kún un. Fún táyà iwájú: 202.5 àti 457.2, ó di mìlímítà 659.7. Tí ẹ bá ṣe ti ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀, ó máa fún yín ní 661.2.

Ẹ wò ó pé bó tilẹ̀ jẹ́ pé táyà ẹ̀yìn fẹ̀ ju ti iwájú lọ, gíga wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Mìlímítà kan àti ààbọ̀ péré ló wà láàárín wọn. Èyí kì í ṣe èèṣì.

Bí ríìmù bá ga sí i, ẹ̀gbẹ́ táyà gbọ́dọ̀ dín kù

BMW tún ta ọkọ̀ yìí pẹ̀lú ríìmù 19. Táyà tí wọ́n fi sí iwájú nígbà náà jẹ́ 225/40 R19, ti ẹ̀yìn sì jẹ́ 255/35 R19.

Ẹ ṣírò rẹ̀: ti iwájú di 662.6, ti ẹ̀yìn di 661.1. Ríìmù ti fi íńṣì kan ga sí i, ṣùgbọ́n gíga gbogbo táyà kò kúrò níbi tó wà. Ohun tí wọ́n fi kún ríìmù ni wọ́n yọ kúrò lára rọ́bà.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣìnà. Ẹlòmíràn á ní òun fẹ́ táyà tó fẹ̀ sí i níwájú, á wá ra 245/45 R18. Fífẹ̀ yí padà, ṣùgbọ́n nítorí pé 45 yẹn jẹ́ ìdá nínú fífẹ̀, ẹ̀gbẹ́ táyà náà ga sí i. Gíga rẹ̀ di 677.7, ìyẹn fi nǹkan bí ìdá 2.7 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹlòmíràn á ra ríìmù 19, á sì fi 225/35 sí i nítorí pé ohun tó wà lọ́jà nìyẹn. Gíga ìyẹn jẹ́ 640.1, ó fi ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kéré.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ táyà sábà máa ń sọ pé kí ìyàtọ̀ má ju ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ, kó sì dára kó má dé ibẹ̀ rárá. Fún ọkọ̀ asáré, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ló yẹ kí ẹ máa wá.

Kí ló dé tí gíga táyà fi ṣe pàtàkì?

Ọkọ̀ máa ń ka iye ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yí, ohun náà ló sì fi ń mọ bó ṣe ń sáré tó. Tí ẹ bá fi táyà tó ga sí gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀, géèjì á máa sọ pé ẹ wà lórí 120, nígbà tí ẹ ti ń sún mọ́ 123.

Èyí tó léwu jù ni ti bíréèkì ABS àti ẹ̀rọ tó ń di ọkọ̀ mú kó má baà yọ̀. Ẹ̀rọ yìí ń fi bí táyà iwájú ṣe ń yí wé ti ẹ̀yìn. Tí ẹ bá yí iwájú nìkan padà sí 245/45, tí ẹ fi ẹ̀yìn sílẹ̀ bó ṣe wà, táyà ẹ̀yìn á máa yí kíákíá ju ti iwájú lọ nígbà gbogbo. Ẹ̀rọ náà lè rò pé ọkọ̀ ti ń yọ̀, kó wá bẹ̀rẹ̀ sí í dá sí ohun tí kò kàn án, tàbí kó tan iná ìkìlọ̀ sójú yín.

Tó bá jẹ́ ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, bíi Subaru WRX STI, tàbí Audi tí wọ́n kọ quattro sí lára, ọ̀rọ̀ náà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gíga táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ dọ́gba, tó fi mọ́ bí wọ́n ṣe jẹ tó. Tí ẹ bá fi táyà tuntun méjì pọ̀ mọ́ méjì tó ti jẹ, ìyàtọ̀ yẹn lè ba jíà tó ń pín agbára sí iwájú àti ẹ̀yìn jẹ́. Owó àtúnṣe rẹ̀ ju owó táyà lọ fíìfíì.

Ihò márùn-ún kò dọ́gba pẹ̀lú ihò márùn-ún

Ríìmù BMW M3 yìí ní ihò bóòtì márùn-ún, òbìrí tí wọ́n tò wọ́n sí sì jẹ́ mìlímítà 120. Wọ́n máa ń kọ ọ́ báyìí: 5x120. Ti Mercedes sábà máa ń jẹ́ 5x112. Ọ̀pọ̀ Honda àti Toyota alábọ́ọ́dé jẹ́ 5x114.3. Subaru WRX STI lo 5x100 tẹ́lẹ̀ kó tó di 5x114.3.

Ẹni tó bá fẹ́ fi agídí ti ríìmù 5x114.3 wọ ọkọ̀ 5x112 máa rí i pé bóòtì lè wọlé díẹ̀, ṣùgbọ́n wíwọ́ ló máa wọ́. Bóòtì tó wọ́ kì í di ríìmù mú dáadáa.

Lẹ́yìn ihò bóòtì, ẹ wo ihò ńlá tó wà láàárín ríìmù. Ti M3 yìí jẹ́ mìlímítà 72.6. BMW 5 Series tí wọ́n ń pè ní E39 náà jẹ́ 5x120, ṣùgbọ́n ihò àárín tirẹ̀ jẹ́ 74.1. Tí wọ́n bá yọ ríìmù lára E39 fún yín, á wọ M3, bóòtì á sì dì í. Ṣùgbọ́n mìlímítà kan àti ààbọ̀ ló fi tóbi jù, kò sì ní jókòó sí ojú kan. Tí ọkọ̀ bá ti gba eré, sítíárì á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti ṣe báláǹsì rẹ̀. Òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n máa ń fi há àárín rẹ̀ ló lè yanjú ìyẹn.

Tó bá jẹ́ pé ihò ríìmù ló kéré, kò sí ọ̀nà àbùjá. Ihò àárín ríìmù Toyota sábà máa ń jẹ́ 60.1, ti Honda sì jẹ́ 64.1. Ríìmù Toyota kò lè jókòó sórí Honda àfi tí wọ́n bá gbẹ́ ẹ.

Ẹ wo orí bóòtì pẹ̀lú. Ti BMW rí ṣóńṣó bí orí àrọ, ti Mercedes àti Volkswagen sì rí roboto bíi bọ́ọ̀lù. Tí ẹ bá fi bóòtì olórí roboto dì sínú ihò tí wọ́n ṣe fún ṣóńṣó, ibi kékeré ló máa fi kan ríìmù, yóò sì máa tú díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà.

Nọ́ńbà ET: ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í béèrè

Lẹ́yìn ríìmù, ẹ máa rí lẹ́tà ET àti nọ́ńbà kan. Ó ń sọ bí ojú tí ríìmù fi lẹ̀ mọ́ ọkọ̀ ṣe jìnnà tó sí àárín gbùngbùn ríìmù náà. Bí nọ́ńbà yìí bá ṣe tóbi tó ni ríìmù ṣe máa wọ abẹ́ ọkọ̀ tó. Bó bá ṣe kéré tó ni ríìmù ṣe máa yọ síta tó.

Ríìmù iwájú M3 tó jẹ́ 18 fẹ̀ ní íńṣì 8, ET rẹ̀ sì jẹ́ 47. Ti ẹ̀yìn fẹ̀ ní íńṣì 9, ET rẹ̀ jẹ́ 26.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé oníṣòwò gbé ríìmù tó fẹ̀ ní íńṣì 8.5 tí ET rẹ̀ jẹ́ 35 fún yín láti fi síwájú. Ààbọ̀ íńṣì péré ni wọ́n fi kún fífẹ̀ rẹ̀, kò sì jọ nǹkan lójú. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀. Ààbọ̀ fífẹ̀ ríìmù ti tẹ́lẹ̀ jẹ́ mìlímítà 101.6. Tí ẹ bá yọ 47 kúrò, ó ku 54.6: ibẹ̀ ni etí ìta rẹ̀ wà. Ààbọ̀ fífẹ̀ ti tuntun jẹ́ 107.95. Ẹ yọ 35 kúrò, ó ku 72.95. Ríìmù tuntun náà á fi nǹkan bíi mìlímítà 18 yọ síta ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Mìlímítà 18 tó kí táyà máa ha fẹ́ńdà nígbà tí ọkọ̀ bá já sínú kòtò tàbí tí èèyàn mẹ́rin bá jókòó sínú rẹ̀. Sítíárì náà á wúwo sí i, bérìn ẹsẹ̀ á sì máa gbé ẹrù tí wọn kò ṣe é fún.

18 àbí 19 fún ojú ọ̀nà wa?

Ìbéèrè tó gba ìrònú jù nìyí, nítorí pé méjèèjì ló tọ́ lójú ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà. Ojú ọ̀nà ló máa dá ẹjọ́ náà.

Pẹ̀lú ríìmù 18, rọ́bà tó wà láàárín ríìmù àti ilẹ̀ níwájú ga ní nǹkan bíi mìlímítà 101. Pẹ̀lú 19, ó di 90. Lẹ́yìn, ó kúrò ní 102, ó di 89. Rọ́bà àti afẹ́fẹ́ yẹn ló ń gba ìyà kòtò kí ríìmù má baà gbà á. Tí ẹ bá já sínú kòtò tó mú etí, ẹ̀gbẹ́ táyà tó fẹ́lẹ́ máa ń há sáàárín ríìmù àti etí kòtò, okùn inú rẹ̀ á sì já. Ní ọjọ́ kejì ẹ lè rí i tó wú síta bíi eéwo. Táyà tó bá ti wú bẹ́ẹ̀ kò ṣeé lẹ̀, ẹ kò sì gbọdọ̀ fi rin ìrìn àjò.

Ẹni tó bá ń rìn láàárín ojú pópó tó dán ní Àbújá tàbí Accra nìkan lè fara mọ́ 19. Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà Lọ́kọ́ja, tàbí tó ń gba ibodè lọ sí Cotonou àti Lomé, 18 ló máa gbè é. Ìyàtọ̀ ẹwà tó wà láàárín wọn kò tó iye tí ríìmù kan tó bá tẹ̀ máa ná yín.

Àwọn kan á béèrè pé, ṣé àwọn kò lè sọ̀kalẹ̀ sí 17? Tó bá jẹ́ gíga nìkan, 225/50 R17 jẹ́ 656.8, ó sì sún mọ́ ti ilé iṣẹ́ gan-an. Ohun tó lè dí i lọ́wọ́ ni bíréèkì. Díìsì bíréèkì ọkọ̀ asáré tóbi, inú ríìmù kékeré lè máa ha á. Ẹ gbé ríìmù náà wọ̀ ọ́ láìfi táyà sí i, kí ẹ fi ọwọ́ yí i, kí ẹ tó sanwó.

Ẹrù, eré àti ooru

Lẹ́yìn ìwọ̀n táyà, ẹ máa rí nǹkan bíi 91W tàbí 95Y. Nọ́ńbà náà ń sọ ẹrù tí táyà kan lè gbé: 91 jẹ́ kìlógíráàmù 615, 95 jẹ́ 690. Lẹ́tà náà ń sọ eré tó lè fara dà: T jẹ́ kìlómítà 190 ní wákàtí kan, H jẹ́ 210, V jẹ́ 240, W jẹ́ 270, Y sì jẹ́ 300.

BMW dá eré M3 yìí dúró sí kìlómítà 250 ní wákàtí kan. Nítorí náà V kò tó o, W tàbí Y ló yẹ ẹ́.

Ẹ lè sọ pé òfin Nàìjíríà kò gbà kí ọkọ̀ kékeré kọjá 100 lójú ọ̀nà márosẹ̀, pé kí lẹ wá fẹ́ fi Y ṣe? Lẹ́tà yìí kì í ṣe àṣẹ láti sáré. Ooru tí táyà lè fara dà kó tó ya ló ń sọ. Ọ̀dà ojú ọ̀nà tó ti gbóná láti àárọ̀, ẹrù nínú bùútù, àti afẹ́fẹ́ táyà tí kò tó: àwọn nǹkan mẹ́ta yìí máa ń pàdé ara wọn lójú ọ̀nà jíjìn. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó máa ń tẹ̀, ó máa ń nà, ìyẹn ló sì ń mú un gbóná títí tó fi máa bẹ́.

Ẹ máa wọn afẹ́fẹ́ táyà láàárọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn. Nọ́ńbà tó yẹ wà lára òpó ẹnu ọ̀nà awakọ̀. Ẹ má ṣe yọ afẹ́fẹ́ táyà tó ti gbóná láti ojú ọ̀nà nítorí pé géèjì ga, torí pé tó bá tutù, kò ní tó mọ́.

Ọjọ́ orí táyà

Ilé iṣẹ́ Michelin ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt pa ní ọdún 2007. Dunlop náà dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Èkó ní ọdún 2008. Láti ìgbà náà, òkè òkun ni ọ̀pọ̀ táyà tí wọ́n ń tà ní Nàìjíríà ti ń wá. Àlòkù táyà ọkọ̀ kékeré wà lára ohun tí iléeṣẹ́ aṣọ́bodè fòfin de láti òkè òkun, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti dé ọjà mọ̀ pé táyà tòkunbọ̀ kò wọ́n níbẹ̀.

Ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lẹ́tà DOT lára táyà. 2319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Rọ́bà ń gbó bí kò tilẹ̀ rìn. Táyà tó ń dán, tí èèkàn rẹ̀ sì ga, lè ti pé ọdún mẹ́wàá.

Ẹ tún wo bóyá àmì òkè tí yìnyín wà nínú rẹ̀ wà lára rẹ̀. Táyà ìgbà òtútù Yúróòpù nìyẹn. Wọ́n ṣe rọ́bà rẹ̀ kó rọ̀ nínú yìnyín. Nínú oòrùn wa, á rọ̀ jù, á tètè jẹ, ọkọ̀ á sì máa mì nígbà tí ẹ bá ń kọ kọ́nà.

Kí ẹ tó sanwó

Ẹ kọ nǹkan mẹ́fà sílẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé: ìwọ̀n táyà iwájú àti ẹ̀yìn, fífẹ̀ ríìmù, ET, òbìrí ihò bóòtì, ihò àárín, àti nọ́ńbà ẹrù pẹ̀lú lẹ́tà eré. Gbogbo rẹ̀ wà lára ríìmù àti táyà tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ yín, tàbí nínú ìwé rẹ̀.

Ẹ yí ríìmù àlòkù lórí ẹ̀rọ báláǹsì kí ẹ tó rà á. Ẹ wo inú rẹ̀ fún ibi tí wọ́n ti jó. Ríìmù tí wọ́n jó nítorí pé ó sán kò yẹ ọkọ̀ asáré.

Nígbà tí wọ́n bá gbé e wọ ọkọ̀, ẹ yí sítíárì dé òpin lọ́tùn-ún àti lósì pẹ̀lú èèyàn nínú ọkọ̀, kí ẹ fetí sí i bóyá ó ń ha nǹkan. Lẹ́yìn nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà, ẹ padà lọ bá fọkanáísà yín kó tún bóòtì dì.

Tí owó tó wà lọ́wọ́ yín bá sì jẹ́ èyí tó lè ra ríìmù 19 pẹ̀lú táyà tòkunbọ̀, tàbí táyà tuntun mẹ́rin fún ríìmù 18 tó ti wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ yín, ẹ ra táyà.